Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àti Ẹni Ogójì

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pe obìnrin náà ní Ilé Aṣòfin, nítorí òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ńlá tó wọ yàrá ìjókòó. Iṣẹ́ náà kò le. Bí wọ́n bá fẹ́ dìbò, kí ó tilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá dìbò tán, kí ó ṣí i. Ẹnu nìkan ni wọn ò fẹ́ kí ó ní. Aṣọ́nà kì í bá aṣòfin sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ìyá ò janpata, torí ariwo tí àwọn fúnra wọn ń pa níbẹ̀ ti tó gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ Ilé di ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Tíṣà ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, òun ló sì ṣíwájú àwọn tíṣà tó ń yanṣẹ́ lódì. Ìjọba wá gbé àbádòfin kan dé: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé, kí ọlọ́pàá gbé e, kí wọ́n tì í mọ́lé láìfojú kan adájọ́. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú ìyá. Ó bẹ ọmọ pé kó rọra ṣe.

Ọmọ ní, “Màámi, wọn ò níye tó lè sọ ọ́ dòfin. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Kò parọ́. Ẹni ogójì gbọ́dọ̀ pé kí ìbò tó dúró. Ogójì géérégé ni ẹgbẹ́ ìjọba, ọ̀kan nínú wọn sì wà nílé ìwòsàn. Ọkùnrin tó ń kó wọn wọlé bí ìbò bá dé, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè ní Adàgbò, kò rí ọgbọ́n dá sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abẹnugan ní àwọn máa ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ìjókòó kan. Olórí alátakò dìde. Ó ní ìlànà Ilé kò gbà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín kíkà kan sí èkejì. Abẹnugan ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó. Wọ́n bá pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀. Ni àwọn alátakò bá dìde lápapọ̀, wọ́n jáde, kí iye má baà pé. Inú Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó kí wọn kú oríire.

Ìgbà tó di ilẹ̀kùn mú ló rí i. Bàbá arúgbó kan nínú àwọn alátakò ti sùn lọ fọnfọn lórí àga ẹ̀yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Látijọ́ tí ìyá ti ń ṣiṣẹ́, orí ni wọ́n máa ń kà. Bí wọ́n bá ka orí báyìí, ti bàbá yìí ló máa di ogójì.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá wọlé bí ẹni fẹ́ tún aṣọ fèrèsé ṣe, ó sì fi ìka gún bàbá náà léjìká.

“Bàbá, ẹ dìde. Àwọn èèyàn yín ti jáde.”

Bàbá yí ọrùn padà, ó ń hanrun lọ. Ìyá wá di èjìká rẹ̀ mú, ó ń mì ín. Níwájú, akọ̀wé Ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó ní kí wọ́n rántí ìlànà tuntun, tí àwọn alátakò fúnra wọn jà fún lóṣù tó kọjá: a kì í ka orí mọ́, ẹni tó bá dáhùn nìkan ló wà níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá, ìyá ò sí níbi iṣẹ́, ó lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Oorun bàbá yìí gan-an ló ń dáàbò bo ọmọ òun, òun ló sì ń jí i yìí. Ó jáwọ́ kíá, ṣùgbọ́n ojú bàbá ti là, akọ̀wé sì dé orí orúkọ rẹ̀.

“Mo wà níbí o!” Bàbá fò dìde, ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Àwọn ẹgbẹ́ ìjọba ń lu tábìlì. Abẹnugan ní iye ti pé, kí aṣọ́nà tilẹ̀kùn. Ìyá tì í. Kí oòrùn tó kanrí, àbádòfin ti di òfin.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, àwọn alátakò rọ́ bo bàbá, wọ́n ní ta ló jí i. Ó ní ẹnìkan kàn fọwọ́ kan òun ni, òun rò pé ìyàwó òun ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá dúró ti ògiri, ó ń ro bí òun ṣe máa tètè délé, kí ọmọ lè kúrò nílùú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Adàgbò ló jáde kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Tíṣà wa ńkọ́?”

Ó ti pẹ́ tí ìyá ti ń dá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ò dúró de ọkàn rẹ̀.

“Ó wà nílé, sà.”

Adàgbò dúpẹ́. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti gbé fóònù sétí.