Ẹja Bàbá Mi, Lọ́dún Tí Ogun Dé Òrè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ara mi ló kéré, ẹnu mi ti tóbi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: òun ló máa ń pariwo jù nínú eré ogun, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ sá bí ewúrẹ́ bá wúkọ́. Èmi ni ọ̀gágun àdúgbò wa nílùú Oǹdó. Igi gbágùúdá ni ìbọn mi, ìkòkò tó ti lu ni mo fi ń dé orí. Lọ́jọ́ tí bàálù kan kọjá lókè ilé ìwé wa, tí tíṣà ní ká dọ̀bálẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún wa, ọ̀gágun ò rántí kòtò. Abẹ́ tábìlì tíṣà ni wọ́n ti fà mí jáde, ṣòkòtò mi sì ti tutù. Òjò kọ́ ló pa á o.

Ogun Biafra ló dé. Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa. Iyọ̀ kàn wọ́n ni, ìyá mi wá ń fi ìka méjì bù ú sọ́bẹ̀ bí ẹni tó ń bu aáṣáà. Àfi bí a ṣe gbọ́ lọ́jọ́ kan pé àwọn sọ́jà Biafra ti sọdá Odò Ọya, wọ́n ti gba Bìní, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà Òrè. Òrè ò jìnnà sí Oǹdó. Ẹni tó jẹ iyán kó tó wọ mọ́tò níbẹ̀, ebi ò ní í tíì pa á tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi sì wà ní Òrè. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni, pákó ló ń lọ kó níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló lọ, ó ní Ọjọ́rú lòun ń bọ̀. Ọjọ́rú dé, kò dé.

Nílé wa, bí èèyàn bá wà lẹ́nu ìrìn àjò, alaalẹ́ la máa ń bu oúnjẹ tiẹ̀ sílẹ̀. Abọ́ tánganran kan wà tó ní òdòdó pupa létí, ti bàbá mi ni. Ìyá mi á bu oúnjẹ sí i, á fi ẹja tó tóbi jù sínú ọbẹ̀, á dé e, á gbé e sórí pẹpẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá di àárọ̀ tí onítọ̀hún ò dé, ìyá mi á ní, "Ọ̀nà ló sùn sí," á wá gbé abọ́ náà fún Bọ́sẹ̀, àbúrò mi, tó kéré jù nílé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, bí ẹni tó sọ pé olóúnjẹ ò ní í padà wá mọ́ ni. Ọdún méjì péré ni mo fi ju Bọ́sẹ̀ lọ. Ọdún méjì yẹn dùn mí gan-an láàárọ̀.

Nígbà tí ìró ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́ọ̀ọ́kán bí ààrá tí kò lójò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá láti Àkúrẹ́, ó ní ká kó lọ sọ́dọ̀ òun ládùúgbò Ìsìkàn níbẹ̀. Ìyá mi kọ̀. Ó ní bí ọkọ òun bá dé, tó bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó mọ Ìsìkàn lọ́jọ́ tó wá fẹ́ ọ, kò lè ṣìnà rẹ̀ lónìí."

Ìyá mi sọ ibi tí a ń lọ fún aládùúgbò wa, ó fi ẹní sílẹ̀, ó fi ìkòkò sílẹ̀. Abọ́ tánganran ló gbé lé itan nínú mọ́tò, tòun ti oúnjẹ inú rẹ̀. Ọbẹ̀ ń dà sí i láṣọ títí a fi dé Àkúrẹ́.

Àwa mẹ́wàá la wà nínú yàrá kan. Lálaalẹ́, àwọn ọkùnrin á yí rédíò ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan á ní wọ́n ti lé àwọn Biafra padà, ẹlòmíì á ní wọ́n ti wọ Oǹdó. Ìyá mi ní tiẹ̀ á bu oúnjẹ, á dé e.

Ó tó ọjọ́ kẹsàn-án tí a débẹ̀, ìyá mi lọ fún àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí n kàn ṣí abọ́ wò lásán. Mo wò ó. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní kí n tọ́ ìrù rẹ̀ wò bóyá iyọ̀ dé e. Kí n tó mọ̀, egungun ló kù. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi: mo bu iyán, mo fi mọ ẹja, mo fi ọbẹ̀ pa á lára, mo tilẹ̀ fi hóró ata ṣe ojú rẹ̀.

Mi ò tíì nu ọwọ́ tán tí ọkùnrin kan tó ń ti Oǹdó bọ̀ fi wọlé. Ó ní wọ́n ti já afárá lọ́nà Òrè, wọ́n sun ọ̀pọ̀ lọ́rì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí àwọn dẹ́rẹ́bà wà. Mo mọ̀ dájú pé èmi ni mo pa bàbá mi.

Láàárọ̀, Bọ́sẹ̀ ṣí abọ́, ó ní, "Màámi, ẹja yìí rọ̀." Mo ti wọ ṣòkòtò méjì de pàṣán. Ìyá mi ò mú pàṣán. Ó jókòó síwájú mi, ó ní:

"Délé, ta ló sọ fún ọ pé kò ní í padà wá?"

Ẹgba ogún ì bá sàn fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti bu ẹja fún mi, inú abọ́ bàbá mi ni mò ń jù ú sí, màá jẹ òkèlè pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Ìyá mi rí mi, á kàn dé abọ́ náà. Bọ́sẹ̀ ń jẹ ẹja méjì láràárọ̀. Bí ogun bá ń mú èèyàn sanra, ara Bọ́sẹ̀ ló ti hàn.

Nígbà tó yá, rédíò ní àwọn sọ́jà ìjọba ti lé wọn kúrò ní Òrè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún ayọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi bi wọ́n: ṣé mọ́tò ti ń kọjá? Wọ́n ní kò tíì.

Ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi rìn wá. Ìrọ̀lẹ́ ni, abọ́ ti wà lórí pẹpẹ. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, bàtà rẹ̀ ku ẹyọ kan. Àwọn sọ́jà ti gba lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀, inú ahéré àwọn olóko kòkó ló ti ń sá pa mọ́ kó tó dé Oǹdó, aládùúgbò wa wá júwe Ìsìkàn fún un. Ìyá mi ò kí i. Ó lọ gbé abọ́ wá. Bàbá mi ṣí i.

Ó ní, "Ìyá Délé, ẹja méjì? Nínú ogun yìí?"

Ìyá mi ní, "Ọ̀kan ni tiyín. Délé ló ní èkejì, ó ní òun ò ní í jẹ ẹja àfi tí ẹ bá dé."

Bàbá mi mú èkejì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní ata ni.

Lóde òní, ibi tí wọ́n ti ń dúró ra búrẹ́dì ni wọ́n mọ Òrè sí. Bí ìdánwò bá le, àwọn ọmọ á ní, "Ó le kú, ìjà Òrè," wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, ọjọ́ tí ojú bá rójú la mọ̀ pé èèyàn wà láàyè. Ní báyìí, fóònù wà, ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé náà wà lójú ọ̀nà, àyà mi sì ń já bíi ti ìgbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi pè mí láti Òrè pé òun ti yó, ká máa jẹ oúnjẹ òun. Mo ní ó dáa. Mo pa fóònù, mo lọ dé abọ́. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ṣọ́ ẹja bíi sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò ja ogun kankan, abẹ́ tábìlì ni mo sá sí. Ṣùgbọ́n ìdí pẹpẹ yìí, bàálù mẹ́wàá ì báà kọjá, mi ò ní í kúrò níbẹ̀ títí ọmọ á fi kan ilẹ̀kùn.