Iná tí mo fi lé ọyẹ́ kúrò lórí ẹ̀fọ́ mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ọjọ́ ogbó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀fọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ lásán!

Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, àmọ́ wọ́n gbé ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà lọ sí Ẹmùré, èmi náà sì di ẹrù mi, mo tẹ̀lé e. Dúpẹ́, ọmọbìnrin wa, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní díspẹ́nsárì sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó, pé kí n máa fún un ní ẹ̀fọ́ tútù lójoojúmọ́. Ó ní bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun.

Ẹ gbọ́ ná, níbo lèèyàn ti ń rí ẹ̀fọ́ tútù lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Mo lọ bẹ Bàbá Àjàyí, àgbàlagbà kan tó ní oko kòkó nítòsí ilé wa. Ó fún mi ní ilẹ̀ díẹ̀ láàárín kòkó rẹ̀ àti odò. Mo kọ ebè mẹ́jọ, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti tòmátì. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tutù yọ̀yọ̀. Dúpẹ́ ń jẹ ẹ́, ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.

Ọdọọdún ni ọyẹ́ ń mú, ta ni kò mọ̀? Àmọ́ ti ọdún yẹn yàtọ̀. Ó tètè dé, kò sì fẹ́ lọ. Bí a bá bu omi inú àmù mu láàárọ̀, á máa ta wá léyín. Ètè wa là, òrí tí a ń fi pa á kò ràn án. A kì í rí àpáta ẹ̀yìn ìlú mọ́ títí oòrùn á fi kanrí. Àwọn ẹyẹ pàápàá dákẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òórùn èéfín. Lójoojúmọ́ ni igbó kan ń jó níbì kan, lójoojúmọ́ ni òórùn náà sì ń sún mọ́ wa.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí etí ewé ṣọkọ fi dúdú. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn tòmátì dorí kodò bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. Bí mo bá fọwọ́ kan ewé kan, á rún sí mi lọ́wọ́.

Mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo fi bo orí àwọn ebè náà. Mo kó koríko gbígbẹ, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ẹ̀fọ́ kí òtútù má bàa dé gbòǹgbò. Bàbá Àjàyí dúró, ó ń wò mí. Ó ní ohun tí mo ṣe yẹn dára fún òtútù, àmọ́ kí n má jẹ́ kí ohun tó jọ iná dé tòsí ibẹ̀, ìbáà ṣe sìgá ẹni tó ń kọjá lọ. Ó wá fi èdè Èkìtì kún un:

"Ìyàwó tíṣà, ẹní lo tẹ́ kalẹ̀ fún uná yẹn o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Ṣé mo gbọ́ lóòótọ́?

Imọ̀ àti koríko kò tó. Ebè mẹ́ta kú pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń gbé ìkòkò ẹ̀yinná sábẹ́ ibùsùn ìyá ìkókó nígbà ọyẹ́. Mo rò ó nínú ara mi pé ohun tó ń mú ọmọ èèyàn móoru, ṣé kò ní mú ẹ̀fọ́ móoru ni? Mo bu ẹ̀yinná sínú ìkòkò kan tí etí rẹ̀ ti fọ́, mo gbé e sáàárín ebè ní ìdájí, mo sì jókòó tì í títí oòrùn fi yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣiṣẹ́! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé tuntun ti ń rú.

Ọkọ mi bi mí bóyá Bàbá Àjàyí mọ̀ sí i. Mo ní ó mọ̀. Irọ́ ni mo pa.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí mo ti ń gbé ẹ̀yinná lọ, ara Dúpẹ́ gbóná. Mo gbé ìkòkò ẹ̀yinná kalẹ̀ lóko bí mo ti ń ṣe, mo wá ní kí n sáré lọ wo ọmọ mi nílé kí n padà. Nígbà tí mò ń lọ, ewé kan kò mì. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó yẹ kí n ti fura.

Mò ń fún ọmọ lómi lọ́wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá fèrèsé mọ́ ògiri. Mo gbé ọmọ fún aládùúgbò, mo sáré. Mo kọ́kọ́ gbọ́ iná náà kí n tó rí i, ó ń ta pàrà-pàrà bí ẹni ń ṣẹ́ igi. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀fọ́ mi tán, ó ti wọ abẹ́ kòkó Bàbá Àjàyí, níbi tí ewé gbígbẹ ti jìn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Gbogbo àdúgbò jáde. Àwọn kan ń fi ẹ̀ka tútù na iná, àwọn kan ń pọnmi, àwọn ọkùnrin ń ṣán ojú ọ̀nà gbòòrò kí iná má lè fò ó. Ó ti di ọ̀sán kí ó tó kú. Ìdajì oko kòkó náà ti lọ. Bàbá Àjàyí dúró sáàárín eérú, ó ń fi igi tú u.

Ta ló fi iná sígbó? Ohun tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè nìyẹn. Wọ́n ní ọdẹ ni, pé àwọn ọdẹ ló máa ń fi iná lé òkété jáde. Wọ́n sì ti rí Ògúndélé, ọdẹ kan, tó gba ọ̀nà odò kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n pè é lọ sí iwájú ìjòyè àdúgbò. Ó búra títí, wọn ò gbà á gbọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní àjèjì ni wá níbẹ̀, pé bí mo bá lanu, wọ́n á lé wa, ta ni yóò sì tọ́jú Dúpẹ́ lójú ọ̀nà? Mo dákẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko! Ìyàwó Ògúndélé kọjá níwájú ilé wa, ó kí mi, mo sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú èèyàn tí mo dà.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ní kí Ògúndélé kó kúrò nílùú. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo wọ àgbàlá ìjòyè náà, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin.

Mo ní, "Èmi ni. Ẹ̀yinná mi ló ràn. Ògúndélé ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Mo wo Bàbá Àjàyí tó jókòó láàárín wọn, mo ń retí èpè. Ó ní:

"Mo mọ̀. Mo rí ìkòkò náà nínú eérú, mo sì jù ú sódò."

Ìjòyè bi í léèrè ìdí tó fi dákẹ́. Ó ní nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn ni, àti pé òun rò pé màá wá fúnra mi. Ó ní bí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn bá ṣú tí mi ò wá, òun á sọ ọ́, nítorí òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Wọn ò lé wa. Èmi àti ọkọ mi la bá Bàbá gbin kòkó mìíràn, gbogbo ọjọ́ Sátidé, títí wọ́n fi gbé wa kúrò ní Ẹmùré. Àwọn obìnrin àdúgbò ń fún mi ní ewúro láti ẹ̀yìnkùlé wọn, Dúpẹ́ sì yè. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Àmọ́ kòkó kì í tètè so, ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá Àjàyí kú kí kòkó tuntun náà tó so èso àkọ́kọ́. Ògúndélé sì dárí jì mí lẹ́nu, àmọ́ kò gba ọ̀nà iwájú ilé wa mọ́ láéláé.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: òtútù nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ohun tí mò ń gbé wá láti lé e. Ṣùgbọ́n iná ọ̀hún kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọjọ́ méjì yẹn ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti gbé ẹ̀bi yín rí, tí ẹ sì ń wò ó? Báwo lẹ ṣe rí ẹnu sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wa ká gbọ́. Bí ẹ kò bá sì tíì sọ ọ́, ẹ dìde lónìí. Ẹni tó ru ẹrù yẹn kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.