Igbá Omi Kan Tí Mo Bù Kún Amọ̀ Ààrò

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Pọbẹ̀, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀: ẹni tó bá po amọ̀ ààrò ni yóò lọ dá iná àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ níwájú oníbàárà. Bó bá dára, ìwọ ni wọn yóò yìn. Bó bá fọ́, ìwọ náà ni wọn yóò kọjú sí. Méjèèjì ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi, lọ́dọ̀ obìnrin kan ṣoṣo.

Amọ̀ tí kì í bẹ̀rù iná là ń pò, èyí tí wọ́n fi ń mọ ààrò búrẹ́dì àti ààrò àwọn tó ń se epo. A ó da amọ̀ funfun àti bíríkì jíjóná tí a ti fọ́ wẹ́wẹ́ sínú malasẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ onírin ńlá tí apá inú rẹ̀ ń yí wọn po. Gbígbẹ la kọ́kọ́ ń pò wọ́n, kí a tó wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bàbá Àkàndé, ọ̀gá wa, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, á sì dá a sí méjì. Bí kò bá rún, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tutù, omi ti tó.

Lójú tèmi, amọ̀ yẹn gbẹ jù. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí ní Takọn. Ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi ń tẹ amọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí iyán, òun ló sì kọ́ mi pé amọ̀ tí kò rọ̀ kì í gbọ́ràn. Mo máa ń wo ẹ̀rọ náà bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tí kò mọ ọbẹ̀ sè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá Àkàndé lọ sí Kútọnu lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ó ní kí n po amọ̀ ààrò Ìyá Sàfúrà, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Sakétẹ́. Mo wọ́n ìwọ̀n omi tó fi lélẹ̀. Mo fún amọ̀ náà wò, ó dà bí ìyẹ̀fun lójú mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bu igbá omi kan sí i. Ẹ wá wo bí amọ̀ ṣe ń dán! Kí ọ̀gá tó dé, mo ti fi mọ bíríkì tán.

Ó ní, “Rósalì, ọwọ́ rẹ mà mọ́ o.”

Mo rẹ́rìn-ín.

Bíríkì wa kì í jóná kó tó dé ilé oníbàárà. Iná àkọ́kọ́ inú ààrò ló ń sun ún. Nígbà tí bíríkì náà gbẹ, tí a sì fi mọ ààrò tán ní Sakétẹ́, Ìyá Sàfúrà jókòó tì mí lọ́jọ́ iná àkọ́kọ́. Ó ti wó ààrò rẹ̀ àtijọ́, ẹlòmíràn sì ti ń fa àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ lódìkejì ọjà. Nítorí ìrètí, ó tilẹ̀ ti po ìyẹ̀fun sílẹ̀. Mo dá iná. Kò pẹ́, a gbọ́ pàá! Pàá, pàá tún tẹ̀ lé e. Òrùlé ààrò là já, ẹ̀là kan sì bọ́ sínú iná.

Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Kí ló ṣe é, ọmọ mi?”

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé igi rẹ̀ ló tutù. Ṣùgbọ́n mo rí ìyẹ̀fun tó ti wú nínú ọpọ́n, ojú sì tì mí gidigidi. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ dákun, èmi ni. Mo bu omi kún un. Ó gbẹ jù lójú mi.”

Ó ní, “Ìyẹ̀fun tèmi náà, bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, ṣe ló ń tẹ́ pẹlẹbẹ. Bọ́ọ̀n, ó dáa, lọ pe ọ̀gá rẹ wá.”

Bàbá Àkàndé dé lórí alùpùpù. Ó mú ẹ̀là kan, ó fi ihò wínníwínní inú rẹ̀ hàn mí.

“Omi ló ń wá ọ̀nà jáde níbí. Ìkòkò ìyá rẹ, omi ló ń gbé inú ẹ̀. Èyí, iná ni yóò máa gbé inú ẹ̀ lójoojúmọ́.”

Mo ti ń di ẹrù Takọn lọ́kàn mi nígbà tó ní, “Ìwọ náà ni yóò po òmíràn.”

Mo pò ó. Omi tó ní kí n wọ́n ni mo wọ́n, ẹ̀kán kan kò lé. Bíríkì náà rí gbágungbàgun, kò dán rárá. A sá a títí ó fi gbẹ dénú, Ìyá Sàfúrà sì ń dín àkàrà lójúde rẹ̀ kí àwọn oníbàárà má baà gbàgbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí a mọ ààrò náà tán, mo fi èèpo ẹkùrọ́ dá iná kékeré, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Èmi àti Ìyá Sàfúrà tẹ́tí, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, búrẹ́dì jáde, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo sì sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo ará àdúgbò.

Ààrò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò Ìyá Sàfúrà fẹ́ mọ ààrò tirẹ̀ ní Ìta-Jẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, ó ní, “Ẹni tó fọ́ tèmi ni kí ẹ jẹ́ kó po tirẹ̀.”