Abẹ́rẹ́ Fún Ajá Tí Kò Ṣàìsàn

Bí mo bá sọ pé inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì sọ òótọ́ tán. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, lẹ́yìn náà orí mi wú. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn bóyá orí wíwú yẹn tọ́ sí mi, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà, ní abúlé wa lórí omi, níbi tí ọkọ̀ ń gbé ènìyàn dé láti Ugbónlá, mo ń retí ibi tí ìjọba máa rán mi lọ fún ìsìnlú. Àwọn ará abúlé ti sọ mí ní Dókítà Ajá. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, wọn ò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ń dùn mí.

Ìgbà yẹn ni ajá kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ bá ọkọ̀ kan wọ abúlé, tó ń da itọ́, tó sì bu apẹja kan jẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àrùn dìgbòlugi ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wa. Baálẹ̀ ní kí wọ́n pa gbogbo ajá abúlé.

Ìyá mi ní ajá kan, dúdú tó funfun láyà, tó máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ rẹ̀ bó bá ń lọ ta edé ní Òde Mahin. Bí olè bá sún mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn aládùúgbò wa, ajá yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Mo kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó ń dáàbò bo ajá kí àrùn náà má ràn án, àti pé bí ajá kò bá ní in, kò ní kó o ran ènìyàn. Àlàyé mi gùn débi pé ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

“Ó dáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni o. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, a jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa lọ.”

Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ẹranko ní Igbókòdá fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi nínú kúlà. Mo fi aṣọ wé ìgò wọn kí áìsì má fara kàn wọ́n, torí bó bá dì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo wá ní kí gbogbo ènìyàn kó ajá wọn wá sí èbúté láàárọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn: ajá á tò, èmi á dúró.

N kò rò ó pé orí pákó ilé olówó rẹ̀ ni ajá kọ̀ọ̀kan lábúlé wa ń gbé, omi ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ohùn ara wọn ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ojú ara wọn. Bí wọ́n ṣe pàdé lórí èbúté, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Méjì já sómi. Ọ̀kan wọ́ olówó rẹ̀ lulẹ̀ tòun ti ìró tó ró. Ẹnì kan ní Dókítà Ajá ti di rẹfirí. Kò sí ajá kan tó gba abẹ́rẹ́, oníkálukú sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Omijé lé sí mi lójú. Mo fi ṣe bí ẹni pé oòrùn ni.

Ìyá mi kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn bi mí léèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣì tutù. Mo ní ó ṣì tutù. Mo wá rí i pé bí ajá kò bá lè wá, èmi lè lọ. Ìyá mi mú àjẹ̀, mo gbé kúlà sáàárín ẹsẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé.

Lórí pákó ilé tirẹ̀, tí olówó rẹ̀ dì í mú, ajá tó ṣe bí ẹkùn ní èbúté dúró jẹ́ẹ́. Mo fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, mo gún un lábẹ́ awọ ọrùn, mo sì so okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn lọ́rùn kí Baálẹ̀ lè mọ èyí tó ti gbà á.

Bàbá arúgbó kan ló fẹ́ dá wa dúró. Ó ní ajá òun kò ṣàìsàn, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe? Mo bi í bóyá ó máa ń dúró kí àwọ̀n já kó tó tún un ṣe.

“Ìgbà tó bá já náà ni,” ó ní. “Kí ni mo fẹ́ tún ṣe lára èyí tí kò já?”

Ìyá mi wo omi. Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ bàbá náà, tó dúdú fún ọ̀dà, àti ọkọ̀ tuntun tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ọkọ̀ tí ẹ ń kùn lọ́dà yẹn, ṣé ó ti ń jò ni?”

Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló di ajá náà mú.

Nígbà tí a dé ilé tó tẹ̀ lé e, n kò tíì la ẹnu tí ìyá mi ti ń bi wọ́n léèrè bóyá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jò kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó kà á ní yunifásítì. Títí a fi parí, òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń gún abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni orí mi ti wú, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tèmi lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Baálẹ̀ fi ọkọ̀ yí abúlé ká, ó ń wo ọrùn ajá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí wọ́n fi àwọn ajá sílẹ̀. Ó ní kí n máa ṣọ́ wọn, kí n sì wá sọ fún òun nígbà tí àkókò bá tó láti tún un gún.

Bí èmi àti ìyá mi ṣe ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ibi tí a ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀, obìnrin kan tó ń yan ẹja dìde láàárín èéfín, ó pè wá.

“Dókítà, ológbò mi ńkọ́? Àbí torí ajá nìkan lẹ ṣe kàwé?”

Kí n tó dáhùn, ìyá mi ti yí orí ọkọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.