Ràkúnmí Inú Wáàsí Bàbá Mi

Bí ẹ bá rí fíìmù Índíà kan tí ìyá arúgbó kan ti ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin kéré sí ìyá yìí lọ́jọ́ orí, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í dúró pẹ́. Ni àwọn ará abúlé bá sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwọn. Lónìí wọ́n á da ewúrẹ́ sójú irin, lọ́la bàbá kan á sùn síbẹ̀ bí òkú, kí àwọn méjèèjì ṣáà lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ilé fídíò kan ní Aboabo, ní Kùmásì, ni mo ti wò ó nígbà tí mi ò tíì pé ogún ọdún. Gbogbo obìnrin àdúgbò ni mo pariwo rẹ̀ fún. "Ó dùn paa!" ni mò ń wí, wọ́n sì ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kó wò ó gan-an ni kò ní wò ó láé: bàbá mi. Alfa ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ilé ṣàtánì sì ni ilé fídíò lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, opó tó ń ta abọ́ ní ọjà Kejetia, ti rí ọkọ. Ọmọ Àṣáńtì kan ni, tó gba Ìsìláàmù, tó ń rán bàtà nítòsí ìsọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ. Òbí wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n náà ò sì bí ọmọkùnrin. Bàbá mi nìkan ló kù tó lè ṣe walí, ẹni tí yóò fà wọ́n lé ọkọ lọ́wọ́. Bí bàbá mi bá kọ̀, kò sí yìgì nìyẹn.

Wọ́n sì ti kọ̀. "Haba, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti ní ọmọ ọmọ, ẹ wá ń wá ọkọ? Kí ni màá sọ fáwọn èèyàn?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà sí ìsọ̀ wọn. Orin tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń to abọ́ ni a ò gbọ́ mọ́. Ó dùn mí ju pé kí wọ́n sunkún lọ.

Ni mo bá gba ẹ̀bùrú. Mo ń po fùrá fún bàbá mi lọ́jọ́ kan, mo ní alájàpá kan sọ ìtàn kan fún mi. Mo sọ ọkọ̀ ojú irin di ràkúnmí, kó lè wọ alfa létí. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n mu fùrá wọn tán, wọ́n dìde lọ.

Àfi ìgbà tí ààwẹ̀ dé, tí bàbá mi ń túmọ̀ Kùránì ní tàfúsírì lẹ́yìn ìrun àsárì, tí mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Obìnrin kan wà tó ń ta tíì." Ràkúnmí mi dé! Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn obìnrin tó ti wo fíìmù náà ń fi ìbòrí dí ẹnu. Ìyá ẹlẹ́pà tó jókòó tì mí ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tú àṣírí.

"Ǹjẹ́ àwọn ará abúlé yẹn ṣe dáadáa?" ni bàbá mi bi wá.

"Wọ́n ṣe dáadáa paa!"

Ìyá ẹlẹ́pà gbóhùn sókè: "Alfa, ràkúnmí ilé tiyín ńkọ́? Ta ni yóò dá a dúró?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́. Bàbá mi wúkọ́, wọ́n ṣí ìwé síwájú, wọ́n tún ṣí i sẹ́yìn. "To," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Mo ti gbọ́."

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì. Bàbá mi ló ṣe walí. Nígbà tí a pín obì tán, wọ́n fọwọ́ pè mí.

"Ọkọ̀ ojú irin yẹn, ṣé ó padà dúró pátápátá?"

Mi ò dárúkọ ọkọ̀ ojú irin fún wọn rí.

"Iná lọ kó tó parí, Bàbá. Mi ò mọ̀."

Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń to abọ́ àlejò, tó ń kọrin.

"To. A ti wo ìparí ẹ̀."