Ohun Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Mukarubuga

Lórí òkè wa, kò sí ẹni tó gbára lé Imana tó Mukarubuga. Imana ni à ń pe Ọlọ́run nílẹ̀ Rwanda, a sì máa ń sọ pé ibi yòówù kó rìn dé lójúmọmọ, ilẹ̀ wa ló ń padà wá sùn. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ń wá ọmọ kì í fi í sùn láì fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, kí Imana lè rí nǹkan fi po amọ̀ tó máa fi mọ ọmọ náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Mukarubuga fi ń fi omi yẹn sílẹ̀ kó tó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ó sọ ọ́ ní Harerimana, ìyẹn ni pé Imana ló ń tọ́mọ. Ó sì fi títọ́ náà sílẹ̀ fún Imana lóòótọ́. Bí ọmọ jí ewúrẹ́ aládùúgbò, ìyá á ní Imana á tún un ṣe. Bó lu ọmọ ọlọ́mọ, Imana á bá a wí. A sọ fún un pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó kàn fi wá rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí ìpakúpa dé lọ́dún 1994, Harerimana ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹnikẹ́ni kò fipá gbé àdá lé e lọ́wọ́. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń dọdẹ àwọn ẹ̀yà Tutsi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ́ Batamuliza, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí Domitila aládùúgbò wọn bí, wá sẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, kòtò tí Mukarubuga máa ń sin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kó lè pọ́n fún ọtí ti dí pa. Lọ́jọ́ kejì, Harerimana gbin ọ̀dùnkún sórí rẹ̀.

Domitila sá pamọ́ sínú irà. Nínú ẹni mẹ́fà tó wà nílé rẹ̀, òun nìkan ló yè. Nígbà tó padà dé, Mukarubuga ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀wà sísè lọ bá a. Wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ń roko. Domitila a máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé ibi tí òkú ọmọ òun wà, Mukarubuga a sì mirí pé òun ò mọ̀. Harerimana wà lẹ́wọ̀n, kò jẹ́wọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọmọ lè má jáde lẹ́wọ̀n mọ́ láyé. Bó bá dákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní rí egungun ọmọ rẹ̀ sin. Ọ̀rọ̀ náà ga jù fún un, ló bá tún gbé e lé Imana lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà òjò ló ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àgbàrá hú kòtò yẹn. Ṣebí kò sóhun tí kò lè ṣe? Òjò gbé afárá lọ, ó wó ilé onílé, kò fọwọ́ kan ọ̀dùnkún. Mukarubuga wá ń bínú sí Imana. Ó rí ohun gbogbo, ló ń sọ nínú ara rẹ̀, ó rí i, ó sì dákẹ́. Àwọn kan lórí òkè wa sọ pé ọ̀sán ni wọ́n pa àwọn èèyàn, pé Imana ò tíì dé láti ìrìn àjò. Ọgọ́rùn-ún òru tí wọ́n tún fi pààyàn ńkọ́? Mi ò tíì rẹ́ni dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ẹjọ́ dé gacaca, ìgbẹ́jọ́ orí koríko tí àwọn ará òkè ń dá fúnra wọn. Wọ́n mú Harerimana wá nínú aṣọ píńkì àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan, pé ohun tí Imana ò bá fọwọ́ sí kì í ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń mirí pé òótọ́ ni. Domitila dìde.

“Ẹ fi Imana sílẹ̀,” ó ní. “Ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn, mi ò béèrè mọ́. Ọmọ mi ni mò ń béèrè. Níbo ló wà?”

Mukarubuga náà dìde. Ó dúró díẹ̀ bóyá Imana á bá òun la ẹnu, tàbí kó bá òun pa á dé. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

“Ó wà lẹ́yìnkùlé mi,” ó ní. “Lábẹ́ ọ̀dùnkún.”

Harerimana wo ìyá rẹ̀, ó sì gbójú sílẹ̀.

A gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. A rí egungun, a rí aṣọ iléèwé aláwọ̀ búlúù tó ti jẹrà. Domitila jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí kòtò. Kò sunkún.

“Ìyá Harerimana, ọjọ́ tó mú un wá síbí, ṣé ẹ wà nílé?”

“Mo wà nílé.”

“Ṣé ẹ gbóhùn ẹ̀?”

“Mo gbọ́. Ó ń pè mí.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

Harerimana kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyá rẹ̀ rí. Ká ní ìyá rẹ̀ jáde sí i lọ́jọ́ náà, bóyá àdá ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mukarubuga mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

“Mo tilẹ̀kùn,” ó ní. “Mo kúnlẹ̀. Mò ń bẹ Imana pé kó gbà á là.”

Domitila gbójú sókè wo ilẹ̀kùn náà. Kò ju ìṣísẹ̀ méje lọ sí kòtò.