Abẹ́rẹ́ Tó Di Oyún Mú, Tó Da Ẹ̀dọ̀ Láàmú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan wọ ilé ìgbẹ̀bí wa ní Ìkìrun, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ha sìmẹ́ǹtì. Àwọn aláboyún yòókù rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rín, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹ̀bí ni, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó ń yún mi lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Mi ò lè sùn mọ́."

Fọláṣadé lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni l'Ókukù, ọkọ rẹ̀ sì ń lagi ní Inísà. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí dókítà kan fi ń gún un ní abẹ́rẹ́ họ́móònù. Ara obìnrin fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe họ́móònù yìí kí oyún má baà wálẹ̀. Bí tara ò bá tó, wọn a fi abẹ́rẹ́ kún un. Oyún náà dúró lóòótọ́, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ooru ló ń mú un, ó ń fi àdí pa á lára.

Mo ti na ọwọ́ sí ìpara nígbà tí Mátíróònù wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo, dá mi dúró. Ó fa ọwọ́ Fọláṣadé síbi fèrèsé.

"Sístà, o rí kókó tàbí èélá kankan níbí?"

"Mi ò rí i, mà."

"Ìtọ̀ rẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ó dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, mà."

Mátíróònù wo ẹyinjú rẹ̀. Ó ti ń ní àwọ̀ ìyeyè.

"Ẹ̀dọ̀ ni. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìpara."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó ní ìyá òun ti ń se àgbo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má fún un mu o," ni Mátíróònù wí. "Ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀, a kì í tún dì í lẹ́rù."

Èmi ni mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà àgbà ibẹ̀ ṣàlàyé pé lára àwọn obìnrin kan, họ́móònù oyún máa ń dí omi òróòro lọ́nà nínú ẹ̀dọ̀, yóò wá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á máa yún wọn. Abẹ́rẹ́ náà ti dá kún un. Ó ní kí wọ́n dá a dúró.

Fọláṣadé bú sẹ́kún. "Dókítà, oyún mi ò ní bọ́?"

"Ó ti dàgbà kọjá ìyẹn. Kó má pẹ́ jù nínú lèmi ń bẹ̀rù, torí òróòro yìí lè pa ọmọ lára."

Wọ́n dá Fọláṣadé dúró sílé ìwòsàn náà, wọ́n ń gbọ́ ìró ọkàn ọmọ lójoojúmọ́. Nígbà tí ọmọ gbó tó, wọ́n fún un lóògùn tó ń mú aboyún rọbí.

Kò sí fóònù lọ́dọ̀ wa n'Ìkìrun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ sáré wọ ọgbà, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọkùnrin ni, mà! Ó ké, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́!"

Ìgbà tí Mátíróònù wá àga tí kò rí, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà á tipẹ́. "Olúwa, o ṣeun," ló ní, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo lọ kí wọn ní Inísà. Ìyá ọkọ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fìka sẹ́nu.

"Ẹ rọra, Sístà. Ìyàwó wa ń sùn. Bí ọmọ bá ké, èmi ni mò ń gbé e."

Èmi náà bọ́ bàtà, mo jókòó tì í.